Ọmọ Asmara ní Ìlú Turin

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo gbé wá lónìí.

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2024, àwọn ọkùnrin kan ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ ní títì gbọọrọ kan ní ìlú Turin, ní ilẹ̀ Ítálì, bí ẹni tí iná ń lé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Asmara ní ilẹ̀ Eritrea gba ẹ̀bá ọgbà irin tí wọ́n fi há èrò mọ́ yọ, ó tẹ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá gbogbo wọn, ó sì fò ré ìlà kọjá. Biniam Girmay ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni nígbà náà. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà tí ó borí ní ìpele kan nínú eré Tour de France, eré tí wọ́n ti ń ṣe láti ọdún 1903.

Bí ẹ bá bi ẹni tí ó ń wò ó lójú títì pé báwo ni eré àṣekágbá náà ti pẹ́ tó, yóò ní kò pẹ́ ju ìgbà tí ènìyàn fi lè ka ení títí dé ogún. Bí ó bá ṣe èmi ni ẹ bi, n ó ní ó lé ní ọgọ́rin ọdún. Àwọn ará Ítálì yìí kan náà ni wọ́n gbé eré kẹ̀kẹ́ dé Asmara, àwọn náà ni wọ́n sì sọ fún ọmọ onílẹ̀ pé kò gbọ́dọ̀ bá wọn du ipò níbẹ̀.

Kí n tó dé Asmara, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé eré náà fún ẹni tí kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Ìwé ìròyìn kan ní Paris tí ń jẹ́ L'Auto ni ó dá a sílẹ̀ kí ọjà rẹ̀ lè tà. Henri Desgrange ni olóòtú rẹ̀. Ọgọ́ta ọkùnrin ni ó gbéra láti Montgeron, lẹ́bàá Paris, ní 1903. 21 péré ni ó parí eré náà. Ọjọ́ kìíní oṣù Keje ni wọ́n gbéra, bẹ́ẹ̀ ni ọdún 121 gééré ni ó wà láàárín ọjọ́ náà àti ọjọ́ tí mo ń sọ yìí. Láti ọdún 1919 ni wọ́n ti ń fi ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè wọ ẹni tí àpapọ̀ àkókò rẹ̀ kéré jù, nítorí pé tákàdá ìyeyè ni L'Auto fi ń tẹ ìwé ìròyìn rẹ̀. Ní 1953 ni wọ́n fi ẹ̀wù aláwọ̀ ewé kún un, fún ẹni tí ó bá kó máàkì jọ jù lọ nípa ipò tí ó ń gbà lójoojúmọ́. Láyé òde òní, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni eré náà ń gbà. Wọ́n pín in sí ìpele 21, ìpele kan ní ọjọ́ kan. Ní 2024, ẹgbẹ́ 22 ni ó wá, ọkùnrin mẹ́jọ-mẹ́jọ nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Àwọn ìpele wọ̀nyí kò rí bákan náà. Òmíràn ń gun òkè tí yìnyín ń bò lórí, ẹni tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó sì lẹ́mìí gígùn ni ó ń borí níbẹ̀. Òmíràn sì tẹ́jú pẹrẹsẹ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ àwọn tí eré àṣekágbá mọ́ lára ni irú èyí máa ń bọ́ sí. Mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé ìpele pẹrẹsẹ kò dùn ún wò, pé wákàtí márùn-ún ni a fi ń retí ohun ìṣẹ́jú kan. N kò bá wọn jiyàn púpọ̀ nípa wákàtí márùn-ún náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ohun tí àwọn ọkùnrin náà ń ṣe, kò ní sùn.

Atẹ́gùn ni ọ̀tá wọn. Ẹni tí ó bá ti gun kẹ̀kẹ́ lójú ọyẹ́ rí mọ ohun tí mò ń wí: bí a ti ń yára sí i ni atẹ́gùn ń fi àyà tì wá sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ṣáájú rẹ, tí ìwọ sì fi táyà iwájú rẹ sún mọ́ táyà ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, òun ni yóò máa la atẹ́gùn fún ọ. Agbára tí ìwọ yóò fi pamọ́ nípa bẹ́ẹ̀ lè tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Ìdí nìyí tí gbogbo wọn fi ń wọ́ tẹ̀lé ara wọn ní ọ̀wọ́ kan ṣoṣo, tí ẹni tí ó bá sì dá já síwájú kì í fi í pẹ́ kí wọ́n tó bá a. Owó ni agbára ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ná an láàárọ̀ kò ní rí i ná lálẹ́.

Nígbà tí ó bá ku bíi kìlómítà mẹ́wàá, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á tò lẹ́sẹẹsẹ. Ẹni iwájú á fi gbogbo ara la atẹ́gùn títí yóò fi rẹ̀ ẹ́ pátápátá, á sì yà sí ẹ̀gbẹ́. Ẹni tí ó tẹ̀lé e á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà á ṣe é títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Ẹni ìkẹyìn nínú wọn ni akọni tí wọ́n ti ń dáàbò bò láti òwúrọ̀. Nígbà tí ó bá ku nǹkan bí igba mítà, òun náà á dìde nàró lórí kẹ̀kẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́ mọ́. Eré náà á wá tó 60 sí 70 kìlómítà ní wákàtí kan, èjìká á máa kan èjìká, igbọ̀nwọ́ á máa kan igbọ̀nwọ́. Kò sí irin tàbí gíláàsì tí ó dáàbò bò wọ́n bí ti ọkọ̀. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti akoto ni wọ́n wọ̀. Ẹni tí ó bá ṣubú níbẹ̀, ọ̀dà títì ni yóò bó o lára.

Ẹ jẹ́ kí a wá lọ sí etí Òkun Pupa. Ní ọdún 1890 ni ìjọba Ítálì sọ ilẹ̀ kan níbẹ̀ di ti wọn, tí wọ́n sì pè é ní Eritrea, orúkọ tí wọ́n yọ láti inú èyí tí àwọn Gíríìkì àtijọ́ fi ń pe òkun náà. Asmara, olú-ìlú rẹ̀, wà lórí òkè. Gíga rẹ̀ ju ti òkun lọ ní ohun tí ó lé ní 2,300 mítà. Láti ibẹ̀, ọ̀nà kan ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ sọ̀kalẹ̀ lọ sí èbúté Massawa, ní nǹkan bí kìlómítà 115. Ẹni tí ó bá gun kẹ̀kẹ́ sọ̀ ní ọ̀nà náà ní òwúrọ̀, dandan ni kí ó gun un padà. Ọmọ tí ó bá dàgbà nínú irú afẹ́fẹ́ fífúyẹ́ bẹ́ẹ̀, tí ó sì ń gun irú òkè bẹ́ẹ̀, ẹ̀mí rẹ̀ á gùn ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó dàgbà sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ.

Àwọn ará Ítálì rọ́ wọ ibẹ̀ gidigidi ní nǹkan bí 1935, nígbà tí Mussolini fi Eritrea ṣe ẹnu ọ̀nà láti gbógun ti Ethiopia. Wọ́n kọ́ ilé sinimá, wọ́n kọ́ ilé kọfí, wọ́n tilẹ̀ kọ́ ilé epo kan ní 1938 tí ó na apá méjì bí ọkọ̀ òfuurufú. Ilé wọ̀nyẹn rẹwà. Àjọ UNESCO kọ orúkọ Asmara mọ́ ti àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé ní 2017. Ṣùgbọ́n àdúgbò ọ̀tọ̀ ni ti òyìnbó, ọ̀tọ̀ ni ti ọmọ onílẹ̀. Wọ́n fi òfin ya ènìyàn sọ́tọ̀ nípa àwọ̀ ara. Bí ó ti rí nínú ilé sinimá ni ó rí nínú eré kẹ̀kẹ́: àwọn òyìnbó dá ẹgbẹ́ eléré sílẹ̀, wọ́n ń sáré yí ìlú ká, ọmọ onílẹ̀ sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì ó ń wò wọ́n. Ó lè fi kẹ̀kẹ́ jíṣẹ́ fún ọ̀gá rẹ̀. Kò lè fi í bá ọ̀gá rẹ̀ díje.

Ní ọdún 1939, wọ́n gbà kí ọmọ onílẹ̀ àti òyìnbó jọ sáré pọ̀, kí a lè mọ ẹni tí ó lágbára. N kò rò pé wọ́n ṣiyèméjì nípa bí yóò ti parí. Ọmọ Eritrea kan tí ń jẹ́ Ghebremariam Ghebru ni ó gba ipò kìíní. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ bá mi kọ orúkọ náà sílẹ̀: Ghebremariam Ghebru. Àwọn ìwé ńláńlá tí wọ́n kọ nípa eré kẹ̀kẹ́ ní Yúróòpù ń ka orúkọ àwọn tí ó gba ipò kẹwàá ní 1939 fún wa, ṣùgbọ́n orúkọ ọkùnrin yìí ṣọ̀wọ́n nínú wọn.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1941, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì lé ìjọba Ítálì kúrò. Ní 1946 ni wọ́n kọ́kọ́ sá eré yí ilẹ̀ Eritrea ká. Ṣùgbọ́n ohun rere náà kò tọ́jọ́. Wọ́n so ilẹ̀ náà mọ́ Ethiopia ní 1952. Ogun bẹ̀rẹ̀ ní 1961, ó sì jà fún ọgbọ̀n ọdún gbáko. Àwọn ọ̀dọ́ tí ì bá máa gun òkè Asmara lórí kẹ̀kẹ́ ń fi ẹsẹ̀ rìn láàárín àpáta pẹ̀lú ìbọn léjìká. Ní 1993 ni Eritrea di ilẹ̀ olómìnira. Eré tí ó yí ilẹ̀ náà ká kò tún padà bọ̀ sípò títí di 2001. Àárín ìgbà náà, kẹ̀kẹ́ kò kúrò ní Asmara. Bàbá ń kọ́ ọmọ, ẹ̀gbọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ fún àbúrò, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi ilẹ̀ oko sílẹ̀. Ohun tí òyìnbó gbé wá fún ara rẹ̀ ti di ti onílẹ̀.

Ní Tour de France ńkọ́? Ní ọdún 1950, ẹgbẹ́ kan wá láti Àríwá Áfíríkà, ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso nígbà náà. Ní ọjọ́ tí wọ́n ń lọ láti Perpignan sí Nîmes, oòrùn mú janjan. Àwọn méjì láti Algeria já síwájú: Marcel Molinès, tí í ṣe ọmọ òyìnbó tí a bí síbẹ̀, àti Abdel-Kader Zaaf, tí í ṣe ọmọ onílẹ̀. Molinès borí lọ́jọ́ náà. Zaaf ẹ̀wẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lórí kẹ̀kẹ́, ó ṣubú, ó sì sùn lọ lábẹ́ igi. Nígbà tí ó jí, ó fò gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì dorí rẹ̀ kọ ibi tí ó ti ń bọ̀! Àwọn kan ní wáìnì tí àwọn èrò dà sí i lára ni. Àwọn mìíràn ní oògùn tí ó lò ni. Ohun yòówù kí ó jẹ́, ilẹ̀ Faransé fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí ó dùn mí nínú rẹ̀ ni pé fún ìgbà pípẹ́, bí a bá dárúkọ ọmọ Áfíríkà nínú eré yìí, ẹ̀rín yẹn ni ó ń kọ́kọ́ wá sí ẹnu àwọn ènìyàn. Ẹ má gbàgbé ìlú Nîmes. A ó tún padà kàn án.

Robert Hunter, òyìnbó ará South Africa, borí ní ìpele kan ní 2007. Chris Froome, tí a bí ní Nairobi, gba gbogbo eré náà lẹ́ẹ̀mẹrin, ṣùgbọ́n Britain ni ó ń sáré fún. Ó di ọdún 2015 kí àwọn aláwọ̀ dúdú láti ilẹ̀ Áfíríkà tó wọ inú eré náà. Àwọn méjèèjì tí ó kọ́kọ́ débẹ̀, Daniel Teklehaimanot àti Merhawi Kudus, ọmọ Eritrea ni wọ́n. Teklehaimanot tilẹ̀ wọ ẹ̀wù funfun alámì pupa róbótó-róbótó tí wọ́n fi ń dá ẹni tí ó mọ òkè gùn lọ́lá, fún ọjọ́ mélòó kan. Biniam Girmay jẹ́ ọmọ ọdún márùndínlógún ní Asmara nígbà náà. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré.

Ní 2018 ni ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i ní ibùdó àjọ eré kẹ̀kẹ́ àgbáyé ní Switzerland. Ní 2021 ó gba ipò kejì nínú ìdíje àgbáyé ti àwọn tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàlélógún, ní Leuven ní Belgium. Ọmọ Ítálì kan ni ó ṣáájú rẹ̀. Ní oṣù Kẹta 2022 ó gba eré Gent–Wevelgem, ọ̀kan nínú àwọn eré ọlọ́jọ́ kan tí ó lórúkọ jù ní Belgium. Gbogbo ènìyàn ń bẹ̀ ẹ́ kí ó dúró sá eré ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e. Ó ní rárá, ó ti ṣèlérí fún ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ pé òun ń bọ̀ wálé, ó sì wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Asmara. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, ó wà nínú Giro, eré ńlá tí àwọn ará Ítálì fi ń yí ilẹ̀ wọn ká. Ní ìlú Jesi ó borí akọni kan láti Netherlands, Mathieu van der Poel, tí òun fúnra rẹ̀ sì kan sáárá sí i kí wọ́n tó dé ìlà. Wọ́n gbé ìgò wáìnì oníhòòhò lé e lọ́wọ́ lórí pèpéle, gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ṣí i. Ìdérí rẹ̀ fò jáde, ó sì bà á lójú òsì. Ilé ìwòsàn ni wọ́n gbé e lọ, eré náà sì parí fún un nìyẹn. Ẹni tí ó ti sáré láàárín kẹ̀kẹ́ ọgọ́rùn-ún tí kò ní ọgbẹ́, ìdérí ìgò ni ó ṣe é léṣe.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe dé ọdún 2024. Ọdún náà ni Tour de France kọ́kọ́ gbéra láti ilẹ̀ Ítálì, ní Florence. Ìpele kẹta ni ti ọjọ́ kìíní oṣù Keje, láti Piacenza sí Turin, kìlómítà 230 ó lé díẹ̀, òun ni ó gùn jù nínú gbogbo ìpele ọdún náà. Ọ̀wọ́ náà ń rìn bí ẹni ń lọ sí ọjà. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ ná owó rẹ̀ láàárọ̀.

Wọ́n gba ìlú Tortona kọjá. Ibẹ̀ ni Fausto Coppi, akọni tí àwọn ará Ítálì kò lè gbàgbé, kú sí ní ọjọ́ kejì oṣù Kìíní ọdún 1960. Ẹ̀fọn ilẹ̀ wa ni ó pa á. Ó lọ sí Upper Volta, tí a ń pè ní Burkina Faso nísinsìnyí, ní ìparí 1959, láti sáré ní Ouagadougou àti láti ṣọdẹ. Ibà bá a padà délé, àwọn dókítà rẹ̀ kò sì tètè mọ̀ pé ibà ni. Ẹnì kan tí wọ́n jọ lọ, Raphaël Géminiani, dùbúlẹ̀ àìsàn kan náà ní ilẹ̀ Faransé. Wọ́n fún òun ní oògùn ibà, ó sì yè.

Ní ọ̀sán, ọmọ Faransé kan, Fabien Grellier, dá nìkan já síwájú. Wọ́n jẹ́ kí ó máa lọ, wọ́n sì bá a kí wọ́n tó dé Turin, gẹ́gẹ́ bí mo ti wí pé ó máa ń rí. Bí wọ́n ti ń wọ ìlú, olúkúlùkù bẹ̀rẹ̀ sí í wá àyè. Nígbà tí ó ku nǹkan bíi kìlómítà méjì ó lé, àwọn kan ṣubú láàárín ọ̀wọ́, wọ́n sì dí àwọn tí ó wà lẹ́yìn wọn lọ́nà. Jasper Philipsen ti Belgium, tí ó gba ẹ̀wù aláwọ̀ ewé ní 2023, wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Girmay wà níwájú wọn. Àwọn kan ti wí fún mi pé oríire ni. Oríire wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iwájú kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń ṣèèṣì wà nígbà tí ó bá ku kìlómítà méjì. Ó ti jà kí ó tó débẹ̀.

Mads Pedersen ti Denmark wà níbẹ̀, Fernando Gaviria ti Colombia wà níbẹ̀, Arnaud De Lie ti Belgium ń bọ̀. Àyè kékeré kan ṣí lẹ́bàá ọgbà irin. Bí ẹni tí ó wà níwájú bá yà díẹ̀ péré, irin ni ẹni tí ó gba ibẹ̀ yóò lọ kọlù. Girmay ki orí bọ̀ ọ́. Gaviria ṣe ipò kejì, De Lie ṣe ìkẹta. Nígbà tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, omijé ń bọ̀ lójú rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì ní ti gbogbo Áfíríkà ni. Lọ́jọ́ náà kan náà ni Richard Carapaz di ọmọ Ecuador àkọ́kọ́ tí ó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè. Turin yìí ni olú-ìlú ìjọba Ítálì láti 1861 títí di 1865. Ìjọba tí ó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ni ó rán ọmọ ogun lọ sí etí Òkun Pupa lẹ́yìn ọdún díẹ̀.

Kò dúró lórí ẹyọ kan. Ó tún borí ní Colombey-les-Deux-Églises, abúlé tí wọ́n sin De Gaulle sí, ó sì borí lẹ́ẹ̀kẹta ní Villeneuve-sur-Lot. Máàkì 50 ni ẹni tí ó bá gba ipò kìíní ní ìpele pẹrẹsẹ ń gbà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀wù aláwọ̀ ewé ṣe bọ́ sí i lọ́rùn. Philipsen ń lé e bọ̀ lẹ́yìn kíkankíkan.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Keje, wọ́n sáré wọ Nîmes. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n dé ìlà nígbà tí Girmay ṣubú ní oríta róbótó kan. Igbọ̀nwọ́ rẹ̀ ya, orúnkún rẹ̀ bó. Philipsen ni ó borí lọ́jọ́ náà, máàkì tí Girmay fi ṣáájú sì dín kù púpọ̀. Ọ̀pọ̀ rò pé ó ti tán. Ó dìde ní títì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yí i ká, ó gun kẹ̀kẹ́ náà, ó sì kọjú rẹ̀ sí ọ̀nà ibi tí ìlà wà. Wọ́n rán ojú ọgbẹ́ rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ó ku òkè Alps fún un láti gùn, ibi tí ẹni tí kò bá tètè dé lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan yóò ti di ẹni tí wọ́n lé kúrò nínú eré. Ó gùn wọ́n. Ní ọjọ́ 21 oṣù Keje ọdún 2024, ó dá gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ láti Monaco wọ ìlú Nice, ẹ̀wù aláwọ̀ ewé wà lọ́rùn rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè gbà á mọ́.